Àtúnṣe ilé àti yíyan oníṣẹ́ ìkọ́lé

Àtúnṣe ilé ni iṣẹ́ tí à ń ṣe láti dá apá ilé tí ó ti gbó tàbí tí ó ti bàjẹ́ padà sí ipò tí ó yẹ kí ó wà. Lára rẹ̀ ni dídí òrùlé tó ń jò, rírẹ́ ògiri tó ti ṣí, pípààrọ̀ páìpù omi tàbí wáyà iná, àti fífún ìpìlẹ̀ tó ti jìn lókun. Nílẹ̀ Yorùbá lónìí, oníṣẹ́ ọwọ́ tí a sanwó fún ló ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ wọ̀nyí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì sí lábẹ́ àjọ kankan tó lè bá wọn wí. Nítorí náà, bí onílé ṣe mọ ohun tó ń ṣe ilé rẹ̀ tó, àti bí ó ṣe bá oníṣẹ́ ṣe àdéhùn, ni ó sábà máa ń pinnu bóyá àtúnṣe náà yóò pẹ́ tàbí yóò di ìnáwó ọdọọdún.

Orúkọ àwọn oníṣẹ́

Kọ́lékọ́lé ni Yorùbá ń pe ẹni tó ń kọ́ ilé. Ó yẹ kí òǹkọ̀wé ṣọ́ra pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé bí àmì ìsàlẹ̀ bá bọ́ kúrò lára rẹ̀, kólékólé ni ó dà, ìyẹn olè tó ń fọ́ ilé onílé. Àwọn tí wọ́n ti bá oníṣẹ́ burúkú pàdé rí lè sọ pé ìyàtọ̀ náà kò tó nǹkan. Ọ̀rọ̀ tó wọ́pọ̀ jù lẹ́nu iṣẹ́ ni bíríkìlà, tí a yá láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì, fún ẹni tó ń to búlọ́ọ̀kù tó sì ń rẹ́ ògiri. Káfíńtà ló ń kan igi àti páànù òrùlé. Kọngílá ni ẹni tó gba gbogbo iṣẹ́ lápapọ̀, tí yóò sì fúnra rẹ̀ wá àwọn oníṣẹ́ yòókù. A tún ń fi ìyàtọ̀ sáàárín iṣẹ́ àgbàṣe, tí a dá iye owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àti iṣẹ́ ojúmọ́, tí a ń san owó rẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹni tó gba àgbàṣe a máa kánjú, ẹni tó ń gba owó ojúmọ́ a máa fa iṣẹ́ gùn. Onílé yóò yan èyí tí ojú rẹ̀ lè ṣọ́.

Ìtàn

Kí sìmẹ́ǹtì àti páànù tó dé, amọ̀ ni ògiri, koríko tàbí ewé sì ni òrùlé, nítorí náà àtúnṣe jẹ́ ohun tí à ń ṣe léraléra. Ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é: onílé yóò bẹ ará, ọ̀rẹ́ àti àna lọ́wẹ̀, yóò sì pèsè oúnjẹ àti ẹmu fún wọn. Ọdún Bẹẹrẹ ní Ọ̀yọ́ tan mọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé àwọn ará ìlú a máa kó koríko bẹẹrẹ wá fún Aláàfin láti fi tún òrùlé ààfin ṣe. Nínú ọ̀wẹ̀, ìbéèrè bóyá oníṣẹ́ ṣeé fọkàn tán kò fi bẹ́ẹ̀ wáyé, nítorí pé ẹni tó wá ṣiṣẹ́ lónìí ni onílé yóò lọ bá ṣiṣẹ́ lọ́la.

Ní ọ̀rúndún 19, àwọn Àgùdà tí wọ́n padà láti Brasil mú ọ̀nà ìkọ́lé mìíràn wọ Èkó, pẹ̀lú iṣẹ́ ọnà lára ògiri àti fèrèsé. João Baptista da Costa, ọ̀kan lára wọn, ni a mọ̀ mọ́ kíkọ́ Mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894. Bí sìmẹ́ǹtì, búlọ́ọ̀kù àti páànù ṣe ń tàn kálẹ̀, iṣẹ́ ìkọ́lé bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá, onílé sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé owó lé ọwọ́ ẹni tí kò mọ ìdílé rẹ̀.

Mímọ ohun tó ń ba ilé jẹ́

Omi ló wà nídìí ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìbàjẹ́ ilé nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀dà tó ń bó nísàlẹ̀ ògiri, tí ojú ibẹ̀ sì ń funfun bí ẹni pé wọ́n da iyọ̀ sí i, jẹ́ àmì pé omi ń gun ògiri láti inú ilẹ̀. Èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí bíríkìlà kò bá tẹ́ láílọ́ọ̀nù lé orí ìpìlẹ̀ kí ó tó to búlọ́ọ̀kù, tàbí nígbà tí omi òjò ń dá ságbàrá ilé. Kíkun ọ̀dà tuntun lé e lórí kò wo àìsàn náà sàn. Kí òjò ọdún kejì tó dá, ọ̀dà náà yóò tún ti bó. Ohun tó kọ́kọ́ yẹ ni kí wọ́n darí omi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé pẹ̀lú gọ́tà tàbí kí wọ́n mú ilẹ̀ dagẹ̀rẹ̀ síta, kí wọ́n ha ibi tó ti jẹrà, kí ògiri sì gbẹ pátápátá, kí wọ́n tó rẹ́ ẹ.

Ilé alámọ̀, tí ó ṣì pọ̀ láwọn àdúgbò àtijọ́ bí irú ti Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, ní ìṣòro tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ onílé máa ń fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ kí ó lè dà bí ilé búlọ́ọ̀kù. Ṣùgbọ́n amọ̀ máa ń wú bí ó bá mu omi, ó sì máa ń sún kì bí ó bá gbẹ. Sìmẹ́ǹtì kì í bá a ṣe bẹ́ẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá ti yà, omi yóò wọ àárín wọn, yóò sì máa jẹ amọ̀ náà níbi tí ojú kò tó. Kí òrùlé yọ síta dáadáa, kí ẹsẹ̀ ògiri má sì máa rí omi, ń ṣe irú ilé yìí láǹfààní ju ẹ̀wù sìmẹ́ǹtì lọ.

Ibi tí omi ti ń kán sínú yàrá kì í sábà jẹ́ abẹ́ ibi tí páànù ti lu gan-an, nítorí pé omi a máa rìn lórí igi òrùlé kí ó tó já sílẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó gun òkè, ó dára kí ó wọ inú àjà lọ́sàn-án gangan, kí ó wo ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń yọ. Ojú ìṣó tó ti ṣí àti ibi tí páànù kan ti lé orí èkejì ló sábà máa ń jẹ̀bi. Nínú àwọn ilé tó ti pẹ́, páànù sílìn àti ti òrùlé mìíràn ní asbestos nínú. Eruku rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, ó sì lè fa àrùn jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Kò yẹ kí wọ́n fi ayùn rẹ́ ẹ tàbí kí wọ́n fọ́ ọ ní gbígbẹ.

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ẹnu kọ́ ló ń bani lẹ́rù. Ìlà tín-ín-rín bí irun lójú ibi tí wọ́n rẹ́ wọ́pọ̀, kò sì ju kí sìmẹ́ǹtì ti yára gbẹ lọ. Èyí tó yẹ kí ó lé oorun lójú onílé ni ìlà tó dagbere láti igun fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn, tó gba inú ògiri kọjá, tàbí tó fẹ̀ débi tí owó ẹyọ lè wọ̀ ọ́. Ọ̀nà ìṣàyẹ̀wò tí kò náni lówó ni pé kí a fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ìparí ìlà náà lápá méjèèjì, kí a kọ ọjọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí a sì tún wò ó lẹ́yìn oṣù kọ̀ọ̀kan. Bí ìlà náà bá ń gùn sí i, ìpìlẹ̀ ló ń rìn, ẹnjiníà ni ó yẹ kí onílé pè, kì í ṣe akunlé. Òpó tàbí bíìmù tí irin inú rẹ̀ ti hàn síta, tó ń dípẹtà, kò ṣeé fi sìmẹ́ǹtì bò kí a sì gbàgbé.

Ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí ju ẹwà lọ. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí ilé-ẹ̀kọ́ wà lókè rẹ̀ wó ní Ìta Fájì, Erékùṣù Èkó, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ sì wà lára àwọn tó kú. Àwọn aláṣẹ sọ pé ilé náà ti wà lára àwọn tí wọ́n ti sàmì sí fún wíwó. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkòyí, ó sì pa ju ènìyàn 40 lọ.

Ohun èlò

Onílé tó mọ ìwọ̀nba nǹkan nípa ohun èlò ṣòro láti rẹ́ jẹ. Ní ọdún 2014, SON, àjọ tó ń rí sí ìwọ̀n àti ojúlówó ọjà ní Nàìjíríà, pàṣẹ pé sìmẹ́ǹtì tí a kọ 32.5 sí lára àpò rẹ̀ wà fún rírẹ́ ògiri nìkan, 42.5 ni ti òpó, bíìmù, dẹ́kìn àti búlọ́ọ̀kù. Àpò kan jẹ́ kílò 50. Fún kọnkéré tí a fi ń ṣe òpó àti dẹ́kìn, ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ ni sìmẹ́ǹtì 1, yanrìn 2, òkúta 4. Fún búlọ́ọ̀kù oní-ínǹṣì 9, bí 10 ni wọ́n máa ń ṣírò fún mítà kan níbùú lóròó, nítorí náà ògiri tó gùn ní mítà 4, tó ga ní mítà 3, yóò gba nǹkan bí 120. Oníṣẹ́ tó bá béèrè 200 fún irú ògiri bẹ́ẹ̀ ní àlàyé láti ṣe.

Irin ni ẹ̀tàn ti pọ̀ jù. Irin 12 mm tó gùn ní mítà 12 yẹ kí ó wọ̀n tó kílò 10.6, èyí tí ó túmọ̀ sí pé tọ́ọ̀nù kan yóò jẹ́ nǹkan bí irin 93 tàbí 94. Inú ẹlòmíràn a máa dùn nígbà tí wọ́n bá ka 110 fún un. Kò mọ̀ pé irin náà ti tín-ín-rín ju orúkọ rẹ̀ lọ.

Kọnkéré nílò omi lẹ́yìn tí a bá dà á tán. Ó kéré tán, ọjọ́ 7 ni ó yẹ kí wọ́n fi máa bu omi wọ́n ọn, a kì í sì í ka agbára rẹ̀ sí èyí tó pé kí ó tó di ọjọ́ 28. Èyí ni iṣẹ́ tí àwọn alágbàṣe máa ń fò jù, bóyá nítorí pé kò sí ẹni tó ń sanwó fún un.

Yíyan oníṣẹ́

Ẹ̀rí tó lágbára jù ni iṣẹ́ tí oníṣẹ́ náà ti ṣe sẹ́yìn, pàápàá èyí tó ti rí òjò ọdún méjì tàbí mẹ́ta. Àwòrán inú fóònù kò tó. Kí onílé lọ síbẹ̀, kí ó wò bóyá igun ògiri dúró ṣánṣán, kí ó sì bá ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí oníṣẹ́ kò sí níbẹ̀. Ìbéèrè tó wúlò jù kì í ṣe "ṣé iṣẹ́ rẹ̀ dára?" bí kò ṣe "nígbà tí nǹkan bàjẹ́, ṣé ó padà wá?" Oníṣẹ́ tó bá dárúkọ iye owó láì tíì wo ibi tó bàjẹ́, tàbí tí kò mú tépù lọ́wọ́, ti sọ irú ẹni tó jẹ́.

Ìjẹ́jọmọ ìlú tàbí ìjọ kan náà kì í ṣe ìwé-ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í lè bá ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn wí bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, nítorí náà ni ó ṣe sàn nígbà mìíràn láti gbé iṣẹ́ fún àjèjì tí a lè bá sọ òótọ́. Bí iṣẹ́ bá kan òpó, ìpìlẹ̀ tàbí dẹ́kìn, ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN tàbí kọ́lékọ́lé tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CORBON ni ó yẹ kí ó wò ó kí bíríkìlà tó fọwọ́ kàn án.

Àdéhùn àti owó

Àdéhùn tó wà lórí ìwé kò túmọ̀ sí pé a kò fọkàn tán ara wa. Ó yẹ kí ó sọ iṣẹ́ náà ní kúlẹ̀kúlẹ̀, ẹni tí yóò ra ohun èlò, iye owó iṣẹ́, àti ọjọ́ tí iṣẹ́ yóò parí. Ó sàn kí onílé ra ohun èlò fúnra rẹ̀, lẹ́yìn tó bá ti bèèrè iye rẹ̀ lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù méjì tàbí mẹ́ta, nítorí pé àwọn oníṣòwò kan máa ń fún oníṣẹ́ ní ìpín nínú ohun tó bá rà. Kíka àpò sìmẹ́ǹtì tó ṣófo nírọ̀lẹ́ ń ṣèrànwọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè gbé àpò òfìfo wá láti ibòmíràn.

Owó iṣẹ́ kò yẹ kí ó ṣáájú iṣẹ́ lọ títí. Fún àtúnṣe òrùlé, fún àpẹẹrẹ, a lè san ìdá kan nínú mẹ́ta níbẹ̀rẹ̀, ìdá kejì nígbà tí páànù bá ti gùn tán, kí a sì san èyí tó kù lẹ́yìn òjò ńlá àkọ́kọ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, òjò lè jìnnà, kò sì dára kí a fi ebi pa oníṣẹ́. Owó kékeré ni kí a dá dúró nígbà náà. Onílé tó ń jẹ bíríkìlà lówó wà púpọ̀ bí bíríkìlà tó ń sá lọ pẹ̀lú àsansílẹ̀, ìwé kan náà ló sì ń dáàbò bo àwọn méjèèjì.

Àwọn tó ń gbé ní Bìrìtéènì tàbí Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi owó ránṣẹ́ sílé wà nínú ewu jù, nítorí pé ọ̀pọ̀ ti gba àwòrán ilé ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bí tiwọn. Kí ẹni tí ń gba owó má jẹ́ ẹni tí ń yẹ iṣẹ́ wò; ìpè onífídíò láti ẹnu ọ̀nà àdúgbò wọ inú yàrá sì sàn ju àwòrán 20 lọ.

Òfin àti ìjà

Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, LASBCA ni àjọ tó ń mójú tó bí wọ́n ṣe ń kọ́ ilé, àti fífi àjà kún ilé tó ti wà tẹ́lẹ̀ nílò ìwé àṣẹ. Òfin ìyálégbé Èkó ti ọdún 2011 fi àtúnṣe ìta ilé àti àwọn ibi tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò sí ọrùn onílé, àyàfi bí àdéhùn wọn bá sọ nǹkan mìíràn. Ayálégbé ni yóò tọ́jú inú ibi tó gbà, ṣùgbọ́n gbígbó tí ìlò ojoojúmọ́ fà kò sí lọ́rùn rẹ̀. Ayálégbé tó bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ tún ilé ṣe kí ó lè yọ ọ́ nínú owó ilé ní láti gba ọ̀rọ̀ onílé lórí ìwé ṣáájú. Bí ìjà owó bá wáyé láàárín onílé àti oníṣẹ́, tàbí láàárín onílé àti ayálégbé, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó máa ń pe àwọn méjèèjì jókòó láti parí rẹ̀ láì gba owó lọ́wọ́ wọn. Àdéhùn tí a kọ, rìsíìtì ohun èlò àti àwòrán tí a yà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni ẹ̀rí tó yẹ kí olùpẹ̀jọ́ mú lọ.