Static

Nínú èdè C, tí Dennis Ritchie ṣe ní Bell Labs ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, bí a bá kọ static síwájú variable inú function, ohun tí à ń sọ ni pé kí iye inú rẹ̀ má ṣe dànù nígbà tí function náà bá parí. Variable lásán kò ní ibùjókòó. Function parí báyìí, ààyè rẹ̀ ti di ti ẹlòmíràn. Ti static wà ní àyè tirẹ̀ títí prógíráàmù yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀.

Ẹ wo ìlà yìí: static int iye = 0; Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òdo yẹn ń wọlé. Bí function bá ń fi 1 kún un, tí a pè é lẹ́ẹ̀mẹta, 1, 2, 3 la ó rí. Ṣùgbọ́n bí ẹnìkan bá kọ static int iye; tó wá kọ iye = 0; sí ìlà tó tẹ̀ lé e, 1, 1, 1 ni yóò máa rí. Ìlà kejì yẹn ti di àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe ní gbogbo ìgbà tí a bá pe function náà. Bí iye bá kọ̀ tí kò pọ̀ sí i, ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò.

Static ti èdè PHP ló ń dá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lágara jù, àánú wọn sì ń ṣe mí. Ó ń pa iye mọ́ níbẹ̀ náà, àmọ́ bí server bá ti dá ẹni tó ṣí ojú ewé lóhùn tán, gbogbo rẹ̀ ló ń pòórá. Iye tí oníbàárà kan máa tún bá nígbà tó bá padà, inú session ló yẹ kó wà. Èyí tí gbogbo ènìyàn jọ ń lò, kó lọ sí database.