àkámọ́

Ọ̀rọ̀-orúkọ. Ìṣẹ̀dá: à- + ká + mọ́.

Ìtumọ̀: àmì méjì, ( àti ), tí a fi ń sé apá kan ìṣirò tàbí gbólóhùn mọ́. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bí i ni à ń gbọ́ nínú "Wọ́n ká olè mọ́ inú ilé". Ohun tí a ká mọ́ nínú ìṣirò ni a kọ́kọ́ ń yanjú. Ìsọdipúpọ̀ àti pínpín tẹ̀ lé e, kí ó tó kan àròpọ̀ àti àyọkúrò.

Ìlò: Ní Fádèyí àti Ṣómólú, níbi tí iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ti gbilẹ̀, ká ní èèpo ìwé kan jẹ́ ₦200, tí abala inú rẹ̀ sì jẹ́ ₦300. Fún ẹ̀dà 50, iye rẹ̀ ni 50 × (200 + 300), èyí tí í ṣe ₦25,000. Bí àkámọ́ bá bọ́ sọnù, 50 × 200 + 300 di ₦10,300, abala inú ẹ̀dà 49 sì ti di ọ̀fẹ́.

Ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní àkámọ́. "Àpapọ̀" ni ó sábà máa ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀: "ìlọ́po àádọ́ta àpapọ̀ igba àti ọ̀ọ́dúnrún". Ògbufọ̀ tí ó bá fò ó, tí ó kọ "ìlọ́po àádọ́ta igba àti ọ̀ọ́dúnrún", ti fi òǹkàwé sínú iyèméjì.

Àkíyèsí: Bí ó bá jẹ́ àròpọ̀ nìkan, tàbí ìsọdipúpọ̀ nìkan, ibi yòówù tí àkámọ́ wà, èsì kì í yí padà: (2 + 3) + 4 àti 2 + (3 + 4), 9 ni méjèèjì. Àyọkúrò kò gba bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni òǹkà Yorùbá ti ń dẹ pàkúté fún akẹ́kọ̀ọ́. Àrúndínláàádọ́ta ni àrún dín ní àádọ́ta. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ ni ẹ̀wá dín ní ọgọ́ta. Ọgọ́ta sì ni ogún mẹ́ta. Bí a bá fi àmì kọ ọ́, ((20 × 3) − 10) − 5 = 45 ni. Ẹni tí ó bá ṣí àkámọ́ nípò, tí ó kọ (20 × 3) − (10 − 5), 55 ni yóò bá pàdé, èyí tí í ṣe àrúndínlọ́gọ́ta. (Adolphus Mann, tí ó kọ̀wé lórí òǹkà Yorùbá ní 1887, so àṣà àyọkúrò yìí mọ́ bí a ti ń ka owó ẹyọ.) Nítorí náà, láti òpin irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ wá sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ni kí a ti máa tú u.