Kí ló dé tí ọkọ̀ ojú irin ò dé Ajah?

1/ Ọ̀rẹ́ mi kan wọ ọkọ̀ ojú irin ìrọ̀lẹ́ ní Mọ́níyà, n'Íbàdàn, ó ní òun ń bọ̀ wá wo òkun lọ́dọ̀ mi. Kò ju nǹkan bíi wákàtí méjì àtààbọ̀ lọ tó fi dé Èbúté Mẹ́ta. Ló bá pè mí: "Ọ̀rẹ́, ibo ni mo ti máa wọ ti Ajah?" Ẹ̀rín pa mí. Kò sí o! Danfó ló wọ̀. Ilẹ̀ ti ṣú pátápátá kó tó débí, ariwo òkun nìkan ló gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Àmọ́ ìbéèrè ẹ̀ ò kúrò lọ́kàn mi. Ẹ jẹ́ ká wo ìtàn ẹ̀.

2/ Ẹ má rò pé igbó lásán ni apá ibí látijọ́ o. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi àgbá lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l'Ékòó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ló gbà lọ. Ní 1854, òun àti Benjamin Campbell, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣàdéhùn: Kòsọ́kọ́ ò ní bá wọn du Èkó mọ́, àwọn náà á gbà pé Palma àti Lekki jẹ́ èbúté òwò tiẹ̀. Òwò ti wà létíkun yìí kí ẹnikẹ́ni tó mọ "Island".

3/ Kí ló wá dé tí rélùwéè ò yà sọ́dọ̀ wa? Torí pé wọn ò kọ́ ọ fún ìgbafẹ́. Iddo ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ ní 1896. Ó gba Abẹ́òkúta wọ Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí i ní 1901. Nígbà tó yá, ó dé Kano. Irè oko ló ń wá: epo, ẹ̀kùrọ́, kòkó, ẹ̀pà. Kó o lókè, kó o wá sí ọkọ̀ ojú omi, ó tán. Kò ní nǹkan tó ń wá lápá ọ̀dọ̀ wa.

4/ Ẹni tó fẹ́ fi ọkọ̀ ojú irin gbé èèyàn káàkiri Èkó ni Lateef Jákàńdè, gómìnà láti 1979 sí 1983. Metroline ni wọ́n pè é, 1983 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ ẹ̀ lélẹ̀. Àwọn ológun gbàjọba lópin ọdún yẹn, wọ́n sì fagi lé e ní 1985. Lóòótọ́, Lekki kọ́ ló kọ́kọ́ máa dé. Ṣùgbọ́n igi tí wọn ò jẹ́ kó hù, ẹ̀ka ẹ̀ ṣe fẹ́ kàn wá?

Ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n là láyé Jákàńdè náà ló kù fún gbogbo wa.

5/ Ní July 1990, ìjọba ológun Raji Rasaki wó Maroko. Wọ́n ṣírò àwọn tí wọ́n lé sí nǹkan bíi 300,000. Wọ́n kó díẹ̀ nínú wọn lọ sí ilé ìjọba ní Ìlasàn àti Ìkọta. Àwọn ilé olówó ló wà nílẹ̀ Maroko báyìí. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́ ní Victoria Island wá di ẹni tó ń jókòó sínú gó-sílò.

6/ September 2023, Blue Line bẹ̀rẹ̀: Marina sí Mile 2, kìlómítà 13. Jákàńdè ti kú ní February 2021, kò rí i. Mo mú ọ̀rẹ́ mi lọ wọ̀ ọ́. Bó ṣe kúrò ní Marina, omi lábẹ́ wa, afárá lọ́ọ̀ọ́kán, ọ̀rẹ́ mi ò gbé fóònù sílẹ̀ mọ́. Ó dùn! Àmọ́ danfó náà la kọ́kọ́ wọ̀ láti Ajah.

7/ Green Line tó máa gba Marina wá sápá Lekki ti wà nínú ètò ìjọba. Mo fẹ́ ẹ gan-an. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni Maroko. Kí wọ́n tó fa ìlà, ẹ jẹ́ ká bi wọ́n: ilé ta ni wọ́n máa wó? Ṣé alágbàtà tó ń ná ọjà Ajah á lè san owó ẹ̀? Tí ọkọ̀ bá dé tán, tí àwọn tó nílò ẹ̀ ti kó lọ, ta ló fẹ́ gbé?

8/ Ilé ìjọba Ìlasàn tí mo sọ yẹn, Jakande la ń pè é. Nígbà mìíràn tí kọ̀ndọ́ bá pariwo nínú gó-sílò pé "Jakande wà?", ẹ rántí ẹni tó ń pè.