Ìrèké Tó Wà Nínú Ife: Ọ̀sán Kan ní Floridita

Ní ìkóríta Obispo àti Monserrate, ní Havana àtijọ́, ilé oúnjẹ kan wà tó ti lé ní igba ọdún. El Floridita lorúkọ rẹ̀. Ẹja, edé àti alákàsà ni wọ́n ń sè, ṣùgbọ́n ọtí àpòpọ̀ tí wọ́n ń pè ní daiquiri ló gbé orúkọ wọn káyé. Ọdún 1817 ni wọ́n ṣí i. La Piña de Plata ló kọ́kọ́ ń jẹ́, ó wá di La Florida, kí àwọn aráàlú tó máa pè é ní Floridita, bí ẹni ń kẹ́ ọmọ.

Ọdún 1817 yẹn kò gbọdọ̀ kọjá lójú ọmọ Yorùbá bẹ́ẹ̀ yẹn. Ọdún náà gan-an ni ìjọba Sípéènì tọwọ́ bọ̀wé fún Gẹ̀ẹ́sì pé àwọn yóò jáwọ́ nínú òwò ẹrú, Gẹ̀ẹ́sì sì fi 400,000 póùn tù wọ́n nínú. Ọdún 1820 ni òfin yẹ kó múlẹ̀. Wọ́n gba owó, wọn ò jáwọ́. Nílé, ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ń tú, ogun ń kó tọkùnrin tobìnrin, wọ́n ń dà wọ́n lọ sétí òkun, títí di àwọn ọdún 1860 ni ọkọ̀ sì ń kó ènìyàn wọ Kúbà. Oko ìrèké ni ọ̀pọ̀ nínú wọn bá ara wọn. Ọdún 1886 ni wọ́n tó fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀ pátápátá.

Láti inú ìrèké yẹn ni ọtí ti jáde. Bí wọ́n bá se omi ìrèké tó di ṣúgà, omi dúdú kíki máa ń ṣẹ́ kù; òun ni wọ́n ń pọn di rọ́ọ̀mù. Ọdún 1862 ni Facundo Bacardí ra ilé ìpọntí kan ní Santiago de Cuba, tó ń fi èédú sẹ́ ọtí náà títí ó fi mọ́, tí kò ta ọ̀fun bíi tàtijọ́ mọ́. Yìnyín ní tirẹ̀, Boston ló ti ń bọ̀. Frederic Tudor, oníṣòwò ará ibẹ̀, ń gé e nínú adágún nígbà òtútù, ó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá sí Havana kí ẹnikẹ́ni tó mọ ẹ̀rọ amóhuntutù. Ẹ wo òwò ayé: yìnyín ń bọ̀ láti àríwá, ènìyàn ń bọ̀ láti ọ̀dọ̀ wa, ọ̀kan nínú méjèèjì ni wọ́n sì ń tọ́jú dáadáa nínú ọkọ̀ kó má bàa ṣòfò.

Daiquirí jẹ́ abúlé kan létí òkun nítòsí Santiago, níbi tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti ń wa irin. Jennings Cox, ẹnjiníà ibẹ̀, ni wọ́n sọ pé ó kọ́kọ́ po rọ́ọ̀mù, ọsàn wẹ́wẹ́ àti ṣúgà pọ̀, ní nǹkan bí ọdún 1898. Èmi ò rò pé ẹni tó bá ní ìrèké àti ọsàn wẹ́wẹ́ lẹ́yìnkùlé nílò ẹnjiníà kó tó po méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹni tó ní gègé ní ìtàn.

Ẹni tó sọ daiquiri di iṣẹ́ ọnà ni Constantino Ribalaigua, ọmọ Catalonia, tí gbogbo ìlú ń pè ní Constante. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ agbọ́tí ní Floridita ní ọdún 1914. Ní 1918 ilé náà ti di tirẹ̀. Oríire rẹ̀ ni pé láti 1920 sí 1933 òfin Amẹ́ríkà ka ọtí títà léèwọ̀, òǹgbẹ sì lé àwọn ará ibẹ̀ wá sí Havana. Nígbà tí ẹ̀rọ bílẹ́ńdà dé, Constante da yìnyín sí i.

Mo jókòó níwájú báà wọn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ń wo agbọ́tí aláṣọ pupa. Ọsàn wẹ́wẹ́ ló kọ́kọ́ fún, ó da ṣúgà lé e, ó kán ọtí maraschino díẹ̀ sí i, ó sì da rọ́ọ̀mù láti òkè láìwọ̀n ọ́n. Yìnyín tí wọ́n ti fọ́ wẹ́wẹ́ ló tẹ̀lé e. Nígbà tó dà á sínú ife ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, ó funfun, ó ga bí òkìtì. Ó dùn, kò sírọ́. Alákàsà tí wọ́n gbé ka iwájú mi ńkọ́? Wọ́n là á sí méjì, wọ́n fi bọ́tà àti áyù sè é, ó rọ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni mí, ìdí ààrò ẹja ni ìyá mi ti tọ́ mi dàgbà: ohun omi tí kò rí ata rárá, n kì í pè é ní ọbẹ̀.

Ère idẹ òǹkọ̀wé ará Amẹ́ríkà, Ernest Hemingway, wà ní igun báà náà, láti 2003, José Villa Soberón ló ṣe é. Gbogbo àlejò ló ń bá a ya fọ́tò. Nígbà ayé rẹ̀, Hemingway máa ń ní kí wọ́n yọ ṣúgà kúrò nínú tirẹ̀, kí wọ́n sì po rọ́ọ̀mù ní ìlọ́po méjì. Nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1954, Màríà Wúńdíá ti El Cobre ló fi àmì ẹ̀yẹ náà ta lọ́rẹ. Wúńdíá yẹn kan náà ni àwọn ọmọ àwọn ènìyàn wa ní Kúbà, tí wọ́n ń pè ní Lucumí, ń kí ní Ọ̀ṣun.

Fọ́tò òǹkọ̀wé kún ara ògiri Floridita. N kò rí ti ẹni tó gé ìrèké. Ó yẹ kí wọ́n gbé ọ̀kan kọ́ síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ bá débẹ̀, ẹ jẹun, ẹ mu ife kan, owó rẹ̀ wọ́n díẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wọ ọkọ̀ ojú omi tó ń ná Havana àtijọ́ sí Regla, ní òdìkejì èbúté. Kò pẹ́ rárá. Bí ẹ bá lè ṣe é, ọjọ́ 7 oṣù Kẹsán ni kí ẹ lọ, ọjọ́ tí àwọn Lucumí ń ṣe ọdún Yemọja níbẹ̀.