Ìṣákọ́lẹ̀, Owó Ilé àti Àgírímẹ́ǹtì

Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, ayálégbé. "Yá" ló gbé e ró. Ẹni tó fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ lówó yá a lówó. Ẹni tó gbà á náà, ó yá owó. Ọ̀rọ̀ kan náà fún ẹni méjèèjì. Ohun tí a bá sì yá, a ó dá a padà. Nígbà wo? Ibẹ̀ ni ìjà wà.

Lórí ilẹ̀ oko, àwọn baba wa kì í fi bẹ́ẹ̀ béèrè ìyẹn. Àlejò tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ìdílé kan á máa gbé iṣu, epo tàbí obì wá lọ́dọọdún. Ìṣákọ́lẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe iye tí ilẹ̀ náà tó ló ń san. Ó ń fi hàn pé òun mọ onílẹ̀ ni. Bí kò bá ti sọ pé òun ló ni ín, tí kò sì tà á lẹ́yìn onílẹ̀, ó lè dáko níbẹ̀ títí, kí ọmọ rẹ̀ sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn Òyìnbó ò tètè lóye irú ẹ̀tọ́ báyìí. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Àpápá, ilé ẹjọ́ ní Èkó sọ pé ẹ̀tọ́ àbójútó lásán ni Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, ní níbẹ̀. Ó gbé ẹjọ́ náà dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay bá a lọ ní 1920. Ní 1921, Privy Council yí ìdájọ́ náà padà: ilẹ̀ gan-an ni kí wọ́n san owó rẹ̀, torí gbogbo àwọn ènìyàn rẹ̀ ló ni ín.

Ilé ìgboro yàtọ̀. Ọjọ́ ni wọ́n ń kà níbẹ̀. Òfin ayálégbé tí Gómìnà Fashola fọwọ́ sí ní Èkó ní oṣù kẹjọ 2011 ní kí onílé má gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹni tó gbà á àti ẹni tó san án ló jẹ̀bi: ₦100,000 tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. (Òfin náà yọ Ìkòyí, Victoria Island, Àpápá àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, bí ẹni pé wọn kì í lé olówó jáde.) Àdéhùn ẹnu tó lójú òfin yìí. Ẹ má jẹ́ kí lánlọ́ọ̀dù sọ fún yín pé ẹ ò lẹ́tọ̀ọ́ torí pé ẹ ò ní ìwé.

Ìwé gan-an ló tilẹ̀ yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún. Òfin fún ẹni tó ń san owó ilé lọ́dọọdún ní kúìtì nótíìsì oṣù mẹ́fà, ẹni tó ń san lóṣooṣù ní oṣù kan. Ṣùgbọ́n ìgbà tí àwọn méjèèjì ò bá ti dá iye kan láàrin ara wọn nìyẹn. Bí àgírímẹ́ǹtì bá ní oṣù kan, tí ẹ sì ti fọwọ́ sí i, oṣù mẹ́fà ti lọ nìyẹn o. Àgírímẹ́ǹtì tí mo sì ti rí, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ gbogbo wọn, tíntìntín sì ni wọ́n máa ń kọ ìlà yẹn, lójú ewé tó kẹ́yìn, lókè ibi tí a ó ti fọwọ́ sí i.