Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń tẹ̀lé ìlànà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń tẹ̀lé ìlànà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ń fi àfòmọ́ ìparí "-ed" mọ́ lára láti fi hàn pé ìṣẹ̀lẹ̀ kan ti kọjá. "Work", tí ó túmọ̀ sí ṣiṣẹ́, jẹ́ ọ̀kan nínú wọn: "work" a di "worked". Àwọn tí kì í tẹ̀lé ìlànà yìí, bí "go" tí ó ń di "went", kò pọ̀ tó wọn, ṣùgbọ́n wọ́n wà lára àwọn ọ̀rọ̀ tí a ń lò jù lójoojúmọ́. Ìyípadà yìí gba àkíyèsí ẹni tí ó ń sọ Yorùbá, nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í yí ìrísí padà nítorí àsìkò.

Ìrísí

Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ń tẹ̀lé ìlànà ní ìrísí mẹ́rin:

- "work": ìrísí ìpìlẹ̀, tí ó ń bá "I", "you", "we" àti "they" rìn.
- "works": ti ẹni kẹta ẹyọ, ìyẹn "he", "she", "it" tàbí orúkọ ẹnì kan.
- "worked": ti ohun tí ó ti kọjá, òun náà ni a ń lò lẹ́yìn "have", "has" àti "had".
- "working": ti iṣẹ́ tí ó ń lọ lọ́wọ́, lẹ́yìn "am", "is", "are", "was" àti "were".

Bí ọ̀rọ̀ bá ti ní "e" ní ìparí, "d" nìkan ni a ń fi kún un: "love", "loved". Bí kọ́ńsónáǹtì bá ṣáájú "y" ìparí, "y" yóò di "i": "cry", "cried". Ṣùgbọ́n "play" di "played", nítorí pé fáwẹ̀lì ni ó ṣáájú "y" rẹ̀. Ọ̀rọ̀ onísílébù kan tí ó parí sí fáwẹ̀lì kan àti kọ́ńsónáǹtì kan máa ń sọ kọ́ńsónáǹtì náà di méjì, bí "stop" àti "stopped", àyàfi tí kọ́ńsónáǹtì náà bá jẹ́ "w", "x" tàbí "y".

Pípè

Ọ̀nà mẹ́ta ni a ń gbà pe "-ed". Lẹ́yìn ìró àìkùnyùn, bí "k" àti "sh", a ń pè é bí "t": "worked", "washed". Lẹ́yìn ìró akùnyùn, títí kan fáwẹ̀lì, a ń pè é bí "d": "called", "played". Lẹ́yìn "t" tàbí "d", ó máa ń di sílébù kan lọ́tọ̀: "wanted", "needed".

Sílébù Yorùbá kì í parí sí kọ́ńsónáǹtì, èdè náà kò sì ní ìṣùpọ̀ kọ́ńsónáǹtì. Nítorí náà, ìró "kt" tí ó parí "worked" máa ń ṣòro fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, "t" rẹ̀ a sì bọ́ sọnù lẹ́nu wọn. Ohun tí ó bọ́ lẹ́nu lè bọ́ nínú àkọsílẹ̀ pẹ̀lú.

Àsìkò

Gírámà iléèwé ka àsìkò méjìlá: mẹ́rin fún òní, mẹ́rin fún àná, mẹ́rin fún ọjọ́ iwájú.

Òní:
- "I work": mo máa ń ṣiṣẹ́.
- "I am working": mò ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.
- "I have worked": mo ti ṣiṣẹ́.
- "I have been working": mo ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀.

Àná:
- "I worked": mo ṣiṣẹ́.
- "I was working": mò ń ṣiṣẹ́ nígbà náà.
- "I had worked": mo ti ṣiṣẹ́ kí nǹkan mìíràn tó ṣẹlẹ̀.
- "I had been working": mo ti ń ṣiṣẹ́ bọ̀ kí nǹkan mìíràn tó ṣẹlẹ̀.

Ọjọ́ iwájú:
- "I will work": n ó ṣiṣẹ́.
- "I will be working": n ó máa ṣiṣẹ́ lọ́wọ́.
- "I will have worked": n ó ti ṣiṣẹ́ tán.
- "I will have been working": n ó ti máa ṣiṣẹ́ bọ̀.

Nínú ìbéèrè àti ìyísódì, "did" ni ó ń gbé àmì àná, ọ̀rọ̀-ìṣe fúnra rẹ̀ a sì padà sí ìrísí ìpìlẹ̀. "She did not work" ni ó tọ̀nà. "She did not worked" kò tọ̀nà, nítorí pé a ti sàmì sí àná lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyàtọ̀ sí Yorùbá

Àwọn onímọ̀ gírámà Yorùbá ń pe ọ̀kan nínú àsìkò èdè náà ní afànámónìí, nítorí pé ó fa àná mọ́ òní. "Adé ṣiṣẹ́" ń sọ ohun tí ó kọjá, "Adé mọ̀ ọ́n" sì ń sọ ohun tí ó wà nísinsìnyí, láìsí àmì kankan tí ó yà wọ́n. Bákan náà, "Bọ́lá ń ṣiṣẹ́ ní báńkì" lè jẹ́ ohun tí ó ń ṣe lọ́wọ́ tàbí iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì kò fi ààyè yìí sílẹ̀: "is working" ni ti àkọ́kọ́, "works" ni ti èkejì.

Ìyàtọ̀ kékeré yìí lè yí ìtumọ̀ ìwé ìwáṣẹ́ padà. Ẹni tí ó kọ "I worked there for five years" ti kúrò níbi iṣẹ́ náà. Ẹni tí ó kọ "I have worked there for five years" ṣì wà níbẹ̀.

"Ti" náà ń fa àṣìṣe. "Mo ti parí rẹ̀ lánàá" jẹ́ Yorùbá tí ó dán mọ́rán, ṣùgbọ́n "have" kì í bá ọ̀rọ̀ bí "yesterday", tí ó dárúkọ ìgbà tí ó ti parí, rìn. "I finished it yesterday" ni ó tọ́.

Ìtàn

Àfòmọ́ "-ed" ti wà láti inú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ó sì ní ìbátan nínú èdè Jámánì, níbi tí "machen" ti ń di "machte". Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe kan tí kì í tẹ̀lé ìlànà tẹ́lẹ̀ ti wá ń tẹ̀lé e. "Holp" ni àná "help" nígbà kan, kí "helped" tó gba ipò rẹ̀. "Work" pàápàá ní "wrought", tí ó ṣì kù nínú "wrought iron", orúkọ irú irin kan tí a ń fi òòlù rọ. Àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tuntun sábà máa ń tẹ̀lé ìlànà yìí: "google" di "googled", "email" sì di "emailed".