Àkísà Àgbà, Aṣọ Ọmọdé: X àti Wayland Lójú Kọ̀ǹpútà

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa fi òwe yìí pa ọmọ tó gbójú lẹ́nu mọ́, bí ẹni pé ìyìn àgbà nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ẹ tún un gbọ́. Òwe náà kò sọ pé àgbà láṣọ jù. Àkísà ni ó ní jù. Àkísà sì jẹ́ ẹ̀rí pé a ti wọ aṣọ rí, pé òjò pa á, oòrùn pa á, wọ́n sì ti fi í nu ilẹ̀. Ó wúlò, ó sì ń rùn. Apá méjèèjì yẹn ni mo fẹ́ fi wo ọ̀rọ̀ kan tí àwọn tó ń lo Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà bíi Windows, ń bá ara wọn fà, ìbáà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó ní Akọka tàbí ẹni tó ń kọ kóòdù nínú ọ́fíìsì lójú ọ̀nà Herbert Macaulay ní Yábàá: ta ni kí ó máa gbé àwòrán sójú kọ̀ǹpútà wa, X àgbà ni àbí Wayland ọmọdé?

Ẹni tó ń lo Windows lè má mọ̀ rárá pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà, nítorí Microsoft ti dì í mọ́ ẹrù tó tà fún un. Lórí Linux, iṣẹ́ tó dá dúró ni. Nǹkan kan ní láti pín ojú kọ̀ǹpútà fún Firefox, LibreOffice àti àwọn yòókù, kí ó mọ fèrèsé tó wà lókè, kí ó sì mọ ẹni tí lẹ́tà tí a tẹ̀ lórí kíbọ́ọ̀dù ń lọ bá. Ọdún 1984 ni Bob Scheifler àti Jim Gettys bẹ̀rẹ̀ X ní MIT, ní Amẹ́ríkà, láti ara ètò kan tí wọ́n ń pè ní W. X11 jáde ní oṣù kẹsàn-án 1987, òun náà ló sì wà lọ́wọ́ wa dòní. Nígbà náà, kọ̀ǹpútà ńlá á wà ní yàrá ọ̀tọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á jókòó síwájú ẹ̀rọ kékeré níbòmíràn, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi kọ́ X láti máa rán fèrèsé gba orí wáyà. Títí di òní, olùkọ́ tó wà nílé rẹ̀ ní Sùúrùlérè lè ṣí ètò lórí kọ̀ǹpútà ilé-ìwé, kí fèrèsé rẹ̀ yọ lójú laptop tirẹ̀, pẹ̀lú àṣẹ kan ṣoṣo: ssh -X. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá gbà ni o.

Ibí ni àkísà ti pọ̀ sí i. X mọ bí a ṣe ń fa ìlà, bí a ṣe ń ya òbìrípo, bí a ṣe ń kọ lẹ́tà. Lónìí, ètò kọ̀ọ̀kan ló ń ya àwòrán tirẹ̀ parí, tí á kàn ní kí X bá òun gbé e síta. Síbẹ̀ wọn kò lè yọ ìmọ̀ àtijọ́ yẹn kúrò, nítorí ètò tí a kọ ní 1990 lè béèrè fún un lọ́la. Ìyẹn kò burú, ẹrù lásán ni. Ohun tó ń rùn gan-an ni pé X fọkàn tán gbogbo ará ilé. Ètò èyíkéyìí tó bá ti wọlé lè máa gbọ́ gbogbo lẹ́tà tí à ń tẹ̀ sínú fèrèsé ẹlòmíràn, ó sì lè ya fọ́tò ohun tó wà níbẹ̀. Ní MIT ní 1984, ta ni yóò jí kí ni? Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó ń tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà báńkì rẹ̀, tí géèmù tí kò mọ ẹni tó ṣe é wà ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kristian Høgsberg, tó ń ṣiṣẹ́ nígbà náà ní Red Hat, ilé-iṣẹ́ Linux kan, ló bẹ̀rẹ̀ Wayland ní 2008. Orúkọ ìlú kan ní Massachusetts ló fún un. Nínú Wayland, fèrèsé kọ̀ọ̀kan mọ ti ara rẹ̀ nìkan. Kò rí aládùúgbò, kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹ̀dà 1.0 jáde ní 2012, Fedora, irú Linux kan, sì fi í ṣe ohun tí àwọn tó ń lò ó á kọ́kọ́ bá níbẹ̀ ní 2016. Ubuntu, irú Linux mìíràn, gbà á ní 2017, ó padà lẹ́yìn rẹ̀ ní 2018, ó tún gbà á ní 2021. Kí ló fa àlọ-àbọ̀ yìí? Ọmọdé kò ní àkísà. Ẹni tó fẹ́ fi ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ han àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì á rí dúdú pátápátá, nítorí ìlànà tó lé olè síta ti lé àlejò náà síta. Ó pẹ́ kí PipeWire, tó ń gbé àwòrán láti ètò kan sí èkejì, tó dé, kí ètò tó lè tọrọ àyè lọ́wọ́ oníkọ̀ǹpútà kó tó wo nǹkan rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan èdè wa náà. Ìlú Wayland tí mo dárúkọ yẹn pààlà pẹ̀lú Natick, níbi tí LANCOR wà ní 2007, ilé-iṣẹ́ Adé Oyegbọla tó ṣe kíbọ́ọ̀dù Konyin fún àwọn èdè Nàìjíríà. Ní ọdún yẹn, LANCOR pe OLPC, àwọn tó ń ṣe laptop kékeré fún ọmọ ilé-ìwé, lẹ́jọ́ ní Èkó lórí ọ̀rọ̀ kíbọ́ọ̀dù yìí kan náà. X ló ń gbé àwòrán sójú laptop OLPC, Jim Gettys tó bá wọn bí X sì wà lára àwọn ọ̀gá sọ́fítíwíà níbẹ̀. Mi ò fẹ́ dá ẹjọ́ wọn. Ohun tí mo ń wò ni pé orí ẹ̀rọ àgbà ni ìjà bí a ó ṣe máa tẹ ẹ̀ àti ọ̀ ti wáyé.

Àtẹ kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n kó jọ fún X, tí ti Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, tí Yorùbá sì ní àyè tirẹ̀ níbẹ̀, ni Wayland gbé lódindi. Kò tún un kọ. XWayland sì wà fún àwọn ètò àtijọ́ tí kò gbọ́ èdè tuntun. Red Hat yọ Xorg, ètò tó ń ṣe iṣẹ́ X, kúrò nínú RHEL 10, Linux tirẹ̀, ní 2025, ṣùgbọ́n ó fi XWayland sílẹ̀. Lójú tèmi, òwe wa pé títí a fi kan ọ̀rọ̀ ogún: ọmọdé kò lè fúnra rẹ̀ ní àkísà bí àgbà, àmọ́ ó lè jogún rẹ̀, ó sì lè yan èyí tí yóò gbé.

Ó ku ẹni tó ra tòkúnbọ̀. Bí káàdì àwòrán laptop rẹ̀ bá jẹ́ ti Intel, Wayland á gbé e láìní wàhálà púpọ̀. Ti NVIDIA àtijọ́ ló ṣòro: káàdì Kepler tó jáde ní 2012 dúró sí dráífà 470, bẹ́ẹ̀ sì rèé, inú dráífà 495 ti 2021 ni NVIDIA ti gba ọ̀nà tí Wayland ń tọ̀. Ẹni tí irú rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Múṣín, kó fi Linux Mint sí i, kó sì máa lo X rẹ̀ lọ. Mint 22 yóò máa gba àtúnṣe títí di 2029. Bátìrì laptop yẹn á ti kú ṣáájú.